Ìyá Alákàrà Di Ìbejì: Bí A Ṣe Ń Fi Fọ́tò Gbọọrọ Ṣe Fídíò Iṣẹ́ Ọnà

Fọ́tò kan wà nínú fóònù mi tí mi ò lè pa rẹ́, bó ti wù kí fóònù náà pariwo tó pé ààyè ti tán. Bàkónì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mò ń gbé ní Akute ni mo dúró sí tí mo fi yà á, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Fọ́tò gbọọrọ ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pánórámà. Ẹ óò tẹ bọ́tìnì, ẹ óò máa yí fóònù díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, òun náà á sì máa gbé gbogbo ohun tó bá rí mì títí ẹ ó fi dúró. Gbogbo àdúgbò wa ló wà nínú rẹ̀: igi máńgòrò, ọ̀nà tó kún fún kòtò, ọlọ́kadà mẹ́ta lábẹ́ agboòrùn, mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke tí kẹ́ẹ̀gì omi kún inú rẹ̀, àti ìyá alákàrà wa nídìí agbada rẹ̀.

Àmọ́ nǹkan kan wà níbẹ̀ o. Ìyá alákàrà yìí wà nínú fọ́tò náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lápá òsì, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú agbada, ó ń fi ṣíbí yí àkàrà padà. Tí ẹ bá tún wo apá ọ̀tún, níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, òun náà tún nìyẹn, ìró kan náà, gèlè kan náà, ó na ọwọ́, ó ń gba owó. Ọmọdékùnrin kan tún wà láàárín tó tín-ín-rín bí igi ìfọyín. Ajá kan sì gùn débi pé ẹ óò rò pé ó fẹ́ di ejò.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín pa mí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń bi ara mi pé, báwo ni fóònù ṣe rí èèyàn kan níbi méjì? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo wà lónìí, tí mò ń fi fọ́tò gbọọrọ ṣe fídíò. Àwọn tó ń wo status mi lórí WhatsApp ti bi mi títí pé, "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ̀ ń ṣe gan-an? Fíìmù ni àbí kí ni?" Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ lónìí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lè fi fóònù ọwọ́ ẹ̀ ṣe é.

Fọ́tò gbọọrọ kì í ṣe ẹyọ fọ́tò kan

Ẹ ronú nípa aṣọ òfì. Ẹni tó bá ti dé Ìṣẹ́yìn rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Aṣọ tí ahunṣọ ń hun kò fẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni, bí ínǹṣì mẹ́rin ní ìbú, ó kàn gùn lọ ràì ni. Lẹ́yìn tó bá hun ún tán ni wọ́n máa gé e, tí wọ́n máa tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n á sì rán an pọ̀ kó tó di agbádá tàbí ìró. Tí ẹ bá wà lọ́ọ̀ọ́kán, aṣọ kan ṣoṣo lẹ máa rí. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ óò rí ojú ìrán.

Bí fóònù yín ṣe ń ṣe pánórámà gan-an nìyẹn. Bí ẹ ṣe ń yí i, ọ̀pọ̀ fọ́tò ló ń yà ní kíákíá. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ̀ bí ẹ ṣe yí ọwọ́ tó. Fóònù á wá máa wá ohun tó jọra láàárín fọ́tò kan àti èkejì, bí igun òrùlé, òpó iná, etí fèrèsé. Á gbé wọn lé ara wọn, á mú tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì rán wọn pọ̀. Ohun tó bá dúró sójú kan, bí ilé àti ògiri, á ránpọ̀ dáadáa. Ohun tó bá ń rìn ló máa dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ó gbà mí tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti yí fóònù láti òsì dé ọ̀tún. Nígbà tí fóònù mi wà lápá òsì, ìyá alákàrà ń yí àkàrà. Kí n tó dé àárín, ó ti dìde, ó ti gba ẹ̀yìn igi máńgòrò kọjá, ó ti ṣíwájú mi. Nígbà tí mo dé apá ọ̀tún, ó ti ń gba owó lọ́wọ́ télọ̀. Fóònù ò parọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rí i lóòótọ́. Ọmọ yẹn ní tiẹ̀ ń sáré bọ̀ wá pàdé bí mo ṣe ń yí ọwọ́, ìdí nìyẹn tó fi fún pọ̀. Ajá yẹn ń bá ọwọ́ mi lọ sọ́nà kan náà, ìdí nìyẹn tó fi gùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo àlàyé yìí nìyí: fọ́tò gbọọrọ jọ ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú tí a rán pọ̀ ni. Iṣẹ́ fídíò tí à ń sọ yìí ni pé kó tú ojú ìrán náà, kí àkókò tó ti sápamọ́ sínú rẹ̀ lè jáde síta padà.

Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí?

Èrò pé kéèyàn rí gbogbo àyíká lẹ́ẹ̀kan náà ti pẹ́ ju kámẹ́rà lọ. Ayàwòrán kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ireland, Robert Barker, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀ lọ́dún 1787. Ó kun ìlú Edinburgh sára aṣọ gígùn kan tó yí po bí agbọ̀n. Nígbà tó di 1793, ó ti ní ilé róbótó kan ní Leicester Square ní Lọ́ńdọ́nù, níbi táwọn èèyàn ti ń sanwó wọlé kí wọ́n lè dúró sáàárín àwòrán. Látọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pánórámà ti di ohun tí gbogbo ayé ń pè.

Ní ti fídíò, àwọn tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Nam June Paik, ọmọ Kòríà, tó kó tẹlifíṣọ̀n sínú gbọ̀ngàn àfihàn ní Wuppertal, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1963, tó sì ń dààmú àwòrán inú wọn. Iṣẹ́ méjì mìíràn tún wà tó sún mọ́ tiwa gan-an. Chris Marker, ará Faransé, ṣe fíìmù La Jetée lọ́dún 1962. Ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n ni, fọ́tò tí kò mira ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá wò ó ò ní rántí pé fọ́tò lòun ń wò. Michael Snow, ará Kánádà, ní tiẹ̀, gbé kámẹ́rà lé ẹ̀rọ kan lórí òkè ní Quebec, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa yí i sókè, sísàlẹ̀ àti káàkiri. Fíìmù wákàtí mẹ́ta ló ti ibẹ̀ jáde, La Région centrale, ọdún 1971. Kò sí èèyàn kankan nínú ẹ̀. Kámẹ́rà tó ń yí gan-an ni ìtàn náà.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni o. Nílé níbí náà, olóògbé Bisi Silva dá Centre for Contemporary Art, Lagos sílẹ̀ lọ́dún 2007, ní Sabo, Yábàá. Lọ́dún 2009, wọ́n ṣe àfihàn fídíò iṣẹ́ ọnà kan níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Identity: An Imagined State. Jude Anogwih àti Oyindamola Fakeye tí wọ́n ṣètò rẹ̀ pẹ̀lú Emeka Ogboh ló dá ẹgbẹ́ Video Art Network Lagos sílẹ̀. Tí ẹ bá sì ń wá ẹni tó ti fi àwòrán yípo-yípo sọ ìtàn tó kan gbogbo wa, ẹ wo Joel Kachi Benson. Kámẹ́rà tó ń rí iwájú, ẹ̀yìn, òkè àti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló fi ya Daughters of Chibok, nípa ìyá kan ní Chibok tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé lọ́dún 2014. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn ìtàn tó dára jù lọ ní abala VR ní àjọ̀dún fíìmù Venice lọ́dún 2019. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ yẹn sójú á wà nínú yàrá pẹ̀lú ìyá náà. Ibi yòówù kó yíjú sí, kò lè gbójú kúrò.

Kí ló dé tó jẹ́ Akute?

Ẹni tó bá ń gbé lápá ibí á mọ̀ pé Akute kì í ṣe Èkó, kì í sì í ṣe ìgbèríko. Ìjọba ìbílẹ̀ Ifo ni wá, ìpínlẹ̀ Ògùn, àmọ́ tí ẹ bá ti gba Alagbole kọjá, ẹ ti dé Bẹ́gà nìyẹn. Láàárọ̀, gbogbo wa ń rọ́ lọ sí Èkó. Lálẹ́, gbogbo wa ń rọ́ padà. Fọ́tò lásán kì í lè sọ irú ibi báyìí, torí pé fọ́tò lásán ní láti yan ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe yàngà á ya ilé tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ bú wa á ya kòtò. Àwọn méjèèjì ò parọ́, àmọ́ àwọn méjèèjì fi nǹkan pamọ́.

Ẹ gba ọ̀rọ̀ omi yẹ̀ wò. Ní Akute níbí ni ilé iṣẹ́ omi Èkó ti ń fa omi láti inú odò Ògùn, tí wọ́n ń fi páìpù ńlá gbé e lọ sí ilé ìfomi ti Iju àti ti Adiyan, kó tó di omi ẹ̀rọ fáwọn ará Èkó. Ní àdúgbò tiwa ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì ni. Kànga dẹ̀rọ̀ ni, fún ẹni tó bá lówó ẹ̀. Mẹ́ruwà tó wà nínú fọ́tò mi yẹn, ìlú tí odò ń ṣàn kọjá ló ti ń ta omi. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sára fọ́tò náà. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, láàárín ìyá alákàrà àti ìyá alákàrà.

Ohun tí fọ́tò gbọọrọ ń ṣe nìyẹn. Ó máa ń kó ohun tí ẹ ò fẹ́ pẹ̀lú ohun tí ẹ fẹ́.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń dúró de ibí yìí, ó yá. Fóònù Android tòkúnbọ̀ tí mo rà ní Computer Village ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ má sọ pé owó ò sí.

Àkọ́kọ́, ibi ìdúró. Ẹ wá ibi gíga díẹ̀ tí kò sí ohun tó sún mọ́ yín jù níwájú. Ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà ló máa ń yẹ̀ lójú ìrán. Ẹ fi ẹfun sàmì sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ yín wà, torí ẹ óò padà wá síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń yí, ẹ má na ọwọ́ síta kí ẹ wá máa fi gbogbo ara jó yípo. Ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kí fóònù dúró bí ẹni pé òpó kan gba àárín rẹ̀ kọjá, kí ẹ máa yí i lórí òpó yẹn.

Ìkejì, ìmọ́lẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ ojú fóònù mọ́lẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa yí padà láàárín. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Tí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀run tiyín á mọ́lẹ̀ lápá kan, á ṣú lápá kejì. Àárọ̀ ìgbà ọyẹ́ dára gan-an. Lẹ́yìn òjò náà dára, torí pé àwọn kòtò ọ̀nà wa á di dígí.

Ìkẹta, ẹ yà á lẹ́ẹ̀mẹta. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, aago kan ọ̀sán, aago méje alẹ́. Ibì kan náà, orí àmì ẹfun yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà, kí ẹ sì parí síbì kan náà. Òpó iná kan lápá òsì àti géètì kan lápá ọ̀tún ni èmi fi ṣe òdiwọ̀n.

Ìkẹrin, ẹ sọ fọ́tò di fídíò. Ọ̀nà tó rọrùn jù rèé. Ẹ dín fọ́tò kù kí gíga rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 1080. Fọ́tò tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin gíga rẹ̀ á wá fẹ̀ tó 4320. Ojú fídíò yín ní tiẹ̀ jẹ́ 1920 ní fífẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ̀ ń fi fèrèsé kékeré wo ògiri gígùn, píksẹ́lì 2400 ló sì kù tí fèrèsé náà máa rìn. Fídíò jẹ́ ọgbọ̀n àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí fèrèsé bá ń rìn ní píksẹ́lì kan ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, ìrìn àjò náà á gba ọgọ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá jẹ́ mẹ́rin mẹ́rin, ogún péré ni. Èmi fẹ́ràn ọgọ́rin. Ó lọ́ra, ó ń bíni nínú díẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ní sùúrù á bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. CapCut lè ṣe èyí lórí fóònù: ẹ gbé fọ́tò wọlé, ẹ fẹ̀ ẹ́ kún ojú fídíò, ẹ fi àmì síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, áàpù á rìn ín fúnra rẹ̀.

Ìkarùn-ún, ẹ wá hun òfì. Ibí ni adùn wà. Ẹ ṣe fídíò ọlọ́gọ́rin ìṣẹ́jú àáyá yẹn fún fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ìrìn wọn dọ́gba. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè pín fọ́tò kọ̀ọ̀kan sí tẹ́ẹ́rẹ́ méjìlá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 360. Ẹ mú tẹ́ẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ láti inú ti àárọ̀, ìkejì láti inú ti ọ̀sán, ìkẹta láti inú ti alẹ́, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ àkókò lọ́kọ̀ọ̀kan bí fídíò ṣe ń lọ. Àdúgbò kan náà ni, àmọ́ oòrùn á máa là lápá kan nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ti ń tàn lápá kejì. Tí ẹ bá wà lórí fóònù nìkan, tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà ti tó, kí bátìrì má baà kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni Hugin, ẹ̀rọ tó ń rán fọ́tò pọ̀. Orí iṣẹ́ tí Helmut Dersch, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998 ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ẹ ya fọ́tò lásán lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìdá kan nínú mẹ́ta fọ́tò kọ̀ọ̀kan wọnú èkejì, kí ẹ sì jẹ́ kí Hugin rán an. Ọ̀fẹ́ náà ni GIMP. Tí fọ́tò yín bá yípo pátápátá, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ sọ ọ́ di onígun mẹ́rin tó dọ́gba, kí ẹ sì lo ohun tí wọ́n ń pè ní Polar Coordinates. Akute á ká kò bí ọsàn, àwọn ilé á máa yọ jáde lára rẹ̀ bí irun.

Ẹ má gbàgbé etí

Fọ́tò ò ní ohùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn fi orin tó ń lọ lórí TikTok sí i, iṣẹ́ náà á sì bàjẹ́. Emeka Ogboh tí mo dárúkọ lókè ti fi ohùn Èkó ṣe iṣẹ́: ariwo kọ̀ndọ́, họ́ọ̀nù, ọjà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìlú ní ohùn tirẹ̀, kò nílò ká yá a lóhùn.

Ohun tí mò ń ṣe ni pé, bí mo bá ti ya fọ́tò tán, mo máa ń gbé fóònù sílẹ̀ níbẹ̀, mo máa ń gba ohùn ibẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ṣe é láàárọ̀, mo ṣe é lọ́sàn-án, mo ṣe é lálẹ́. Ìpè ìrun, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, "Bẹ́gà, Bẹ́gà, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì!", epo tó ń hó nínú agbada. Nígbà tí tẹ́ẹ́rẹ́ àárọ̀ bá wà lójú, ohùn àárọ̀ ló máa lọ sókè. Nígbà míì, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn alẹ́ sábẹ́ àwòrán àárọ̀. Ẹni tó ń wò ó á dúró, á ní, "Hẹn-ẹn?" Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ tí ìyá alákàrà wò ó

Mo ti fẹ́ fi ìtàn yìí pamọ́, àmọ́ òun gan-an ló kọ́ mi níṣẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí mo ya fọ́tò yẹn, àwọn kan wá wọn ọ̀nà àdúgbò wa. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri àti ìsọ̀. Ọ̀nà tó dáa ni gbogbo wa ń fẹ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àmọ́ igi máńgòrò lọ. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ. Ìyá alákàrà kó agbada rẹ̀, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní fọ́tò ibi tí màámi máa ń jókòó sí?" Ó ní àwọn ní fọ́tò màmá àwọn nílé ìgbéyàwó, nínú léèsì, nínú aṣọ ẹbí, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́nì kankan tó yà á níbi tó jókòó sí ní gbogbo ọdún tó fi rán wọn nílé ìwé. Ta ló máa ń ya fọ́tò ẹni tó ń dín àkàrà?

Inú mi dùn. Mo ní iṣẹ́ mi ti wúlò. Fídíò òfì tí mo ti ṣe ni mo fi ránṣẹ́ sí i, èyí tí mo ti fi tẹ́ẹ́rẹ́ méjìlá hun. Ní ọjọ́ kejì, ìpè fídíò wọlé, ìyá fúnra rẹ̀ ni.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo ṣe fún ẹ tí o gé mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹran?"

Ara mi bu máṣọ. Mo padà lọ wò ó. Òótọ́ ni. Ojú ìrán kan gba àárín ara rẹ̀ kọjá gan-an. Orí àti èjìká kan wà láàárọ̀. Ọwọ́ tó mú ṣíbí ti lọ, torí pé alẹ́ ló wà ní tẹ́ẹ́rẹ́ kejì, ìyá sì ti kógbá sílé lálẹ́. Èmi ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, mo rò pé ó rẹwà. Mi ò rò ó rí pé bí ẹni tó ni ara náà bá rí i, ohun tó máa rí ni pé wọ́n gé òun.

"Ẹ má bínú, mà," ni mo ń wí. "Iṣẹ́ ọnà ni, mà."

"Iṣẹ́ ọnà wo? Ṣé iṣẹ́ ọnà ò lè dá ọwọ́ mi padà?"

Mo wá ṣí fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn, èyí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn, mo fi hàn án. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó ń pe ọmọ rẹ̀ kó wá wò ó. "Èyí dáa! Mo ti di ìbejì. Táyé ń dín in, Kẹ́yìndé ń gba owó. Ká ní mo pé méjì báyìí lóòótọ́ ni, ǹ bá ti kọ́lé." Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n yọ èyí tí mo ti gé òun.

Mo tún gbogbo rẹ̀ hun. Láti ọjọ́ yẹn, òfin kan wà tí mi ò rú mọ́: ojú ìrán mi kì í gba ara èèyàn kọjá. Mo lè gé ilé, mo lè gé ojú ọ̀run, mo lè fi alẹ́ sáàárín ọ̀sán. Èèyàn á pé. Tí fóònù bá sọ èèyàn di méjì fúnra rẹ̀, mo máa ń fi í sílẹ̀, torí pé onítọ̀hún wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́. Mo sì máa ń fi han ẹni tó wà nínú rẹ̀ kí n tó fi han ayé. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa gbà. Ọlọ́kadà kan ní kí n yọ òun kúrò, mi ò bi í léèrè ìdí, mo yọ ọ́. Ẹ má sì lọ máa ya ibi tí ṣọ́jà tàbí ọlọ́pàá ń ṣọ́ o. Kò sí fídíò tó tó bẹ́ẹ̀.

Fídíò tuntun náà ṣì jẹ́ ọgọ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi òpó iná, ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ ń mọ́, ilẹ̀ ń ṣú. Ìyá wà nídìí agbada, epo ń hó. Igi máńgòrò kọjá, mẹ́ruwà kọjá. Tó bá wá kù díẹ̀ kó parí, ìyá tún yọ, ó na ọwọ́, ó ń gba owó. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé ibẹ̀ ni màmá àwọn máa ń ní kí wọ́n dá a dúró.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má wá ibi tó rẹwà kiri. Ẹ lọ síbi tí ẹnì kan tí ẹ fẹ́ràn ti ń ṣiṣẹ́, lọ́la, láàárọ̀, kí wọ́n tó wá wọn ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀.